Wọ́n ní àwọn ò fẹ́ fómúlà Abóyadé ní 1978: ṣé ó ṣì yẹ kéèyàn fi ìwádìí owó ìjọba ṣe iṣẹ́ ayé ẹ̀?

ÌBÉÈRÈ

Mo parí máásítà lórí ètò ọrọ̀ ajé lọ́dún tó kọjá, PhD ló sì kàn. Ohun tó wà lọ́kàn mi ni bí ìjọba ṣe ń gba owó, bó ṣe ń pín in, àti bí òṣèlú ṣe ń kọ́wọ́ bọ̀ ọ́. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ní kí n má dán an wò. Ó ní kí n wo Ọ̀jọ̀gbọ́n Òjétúnjí Abóyadé, ọmọ Awẹ́ tó kàwé ní Hull àti Cambridge, tó di ọ̀jọ̀gbọ́n n'Íbàdàn, tó tún ṣe ọ̀gá àgbà Yunifásítì Ifẹ̀. Ìjọba gbé iṣẹ́ fómúlà pínpín owó orílẹ̀-èdè lé wọn lọ́wọ́, wọ́n ṣe é tán, àwọn tó ń kọ òfin ní àwọn ò fẹ́. Ẹ̀gbọ́n mi ní bó bá ṣe báyìí fún irú wọn, kí ni tèmi máa jẹ́? Ó ní kí n lọ kọ́ iṣẹ́ kọ̀ǹpútà. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà nídìí iṣẹ́ yìí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi sọ òótọ́.

———

Ẹ̀gbọ́n rẹ kò parọ́, àmọ́ ìdajì ìtàn ló sọ fún ọ.

Ní 1977, ìjọba ológun Ọbásanjọ́ ń múra àtigbé ìjọba fún alágbádá. Ìpínlẹ̀ ti di 19 lọ́dún tó ṣáájú, wọ́n sì ti tún ìjọba ìbílẹ̀ tò kárí orílẹ̀-èdè. Fómúlà tó wà nílẹ̀ kò le: láti 1970, owó tó wà nínú àpò tí àwọn ìpínlẹ̀ jọ ń pín, wọ́n á pín ìdajì ẹ̀ dọ́gba-dọ́gba, wọ́n á pín ìdajì kejì gẹ́gẹ́ bí iye èèyàn ṣe pọ̀ tó. Ìgbìmọ̀ tí wọ́n fi Abóyadé ṣe alága ẹ̀ ní kí wọ́n fi méjèèjì sílẹ̀, wọ́n sì gbé ohun márùn-ún rọ́pò wọn. Kí àǹfààní ìdàgbàsókè tó gbogbo èèyàn lọ́wọ́, wọ́n fún un ní 25 nínú ọgọ́rùn-ún. Kí ohun kòṣeémáàní má wọ́n ní ìpínlẹ̀ kankan, kí orílẹ̀-èdè lè wà ní ìṣọ̀kan, 22. Agbára tí ìpínlẹ̀ ní láti fi owó ṣe iṣẹ́ gidi, 20. Akitiyan ẹ̀ láti pa owó wọlé fúnra ẹ̀, 18. Bó ṣe ń ṣọ́ owó ná, 15. Láàárín ìpele ìjọba mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, wọ́n ní kí ìjọba àpapọ̀ mú 57, kí ìpínlẹ̀ mú 30, kí ìjọba ìbílẹ̀ mú 10, kí 3 tó kù jẹ́ owó àkànṣe.

Àpéjọ tó ń kọ òfin tuntun ní fómúlà náà ti jẹ́ ti onímọ̀ jù, kò ṣeé lò. Ibẹ̀ ni ẹ̀gbọ́n rẹ dúró sí.

Ṣùgbọ́n lọ ṣí òfin 1979, kó o ka abala 149. Kí owó tí ìjọba àpapọ̀ ń gbà wọ inú àpò kan ṣoṣo, kí ìjọba àpapọ̀, ìpínlẹ̀ àti ìjọba ìbílẹ̀ jọ pín in láti inú àpò náà. Ohun tí ìgbìmọ̀ yẹn dá lábàá nìyẹn. Lẹ́yìn wọn ni wọ́n gbé ìgbìmọ̀ Okigbo kalẹ̀, ilé ẹjọ́ gíga jù lọ fagi lé òfin tó kọ́kọ́ jáde ní 1981, òmíràn jáde ní ìbẹ̀rẹ̀ 1982: 55 fún ìjọba àpapọ̀, 35 fún ìpínlẹ̀, 10 fún ìjọba ìbílẹ̀. Wo 10 yẹn dáadáa: iye tí ìgbìmọ̀ Abóyadé dá lábàá nìyẹn. Abala 162 nínú òfin 1999 tí à ń lò lónìí ṣì wà lórí àpò kan náà. Ìlànà márùn-ún wọn ni ilé kọ̀, kì í ṣe gbogbo ìwé náà. Bí o bá ka iṣẹ́ ọgbọ̀n ọdún tán, tó o wá fi ìbò ọjọ́ kan díwọ̀n ẹ̀, o ò tíì díwọ̀n nǹkan kan.

———

Púpọ̀ nínú yín ti fèsì pé àwáwí òṣèlú lásán ni "ó ti jẹ́ ti onímọ̀ jù". Ẹ ní àwọn aṣojú yẹn gbọ́ ọ yékéyéké, wọ́n kàn ṣírò ẹ̀, wọ́n rí i pé ìpínlẹ̀ àwọn ò ní rówó tó tàtẹ̀yìnwá ni. N ò ní sọ pé kò sí irú ẹ̀ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n n ò gbà pé ibẹ̀ lọ̀rọ̀ parí sí, ó sì dùn mí bí àwa onímọ̀ ṣe máa ń sá sábẹ́ ọ̀rọ̀ yìí nígbàkigbà tí ará ìlú bá kọ iṣẹ́ wa.

Ẹ mú agbára láti ná owó, tó ní 20. Báwo lẹ ṣe fẹ́ wọ̀n ọ́n? Ìpínlẹ̀ tó ti ní ẹnjiníà, akọ̀wé owó àti ọ́fíìsì láti ayé àwọn òyìnbó ni yóò gba máàkì. Ìpínlẹ̀ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dá sílẹ̀ ní 1976, tó ṣì ń wá ibi tí yóò kọ́ sẹkitéríàtì sí, kò ní rí nǹkan gidi gbà níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ òun gan-an ni àìní ń bá fínra. Ohun àkọ́kọ́ nínú fómúlà náà ń gbé owó lọ sọ́dọ̀ ẹni tí kò ní, ohun kẹta ń gbé e padà lọ bá ẹni tó ní. Ọlọ́gbọ́n èèyàn lè ní ìdí fún un pé owó tí wọ́n kó fún ẹni tí kò lè ná an, ìfiṣòfò ni. Ṣùgbọ́n kí wọ́n sọ bẹ́ẹ̀ fún ẹni tí ìlú ẹ̀ kò ní omi!

Akitiyan láti pa owó wọlé ńkọ́? 1977 kò tíì pé ọdún mẹ́wàá sí ìgbà tí àwọn Àgbẹ́kọ̀yà kó ìbọn jáde ní Ìwọ̀ Oòrùn nítorí owó orí, ní 1968 sí 1969, tí wọ́n ń kọrin pé òkè mẹ́fà làwọn ó san. Bí ìjọba bá gbọ́ ẹkún irú àwọn àgbẹ̀ bẹ́ẹ̀, tó dín owó orí wọn kù, ṣé ó wá tọ́ kí fómúlà dín owó ìpínlẹ̀ náà kù nítorí pé akitiyan ẹ̀ lọ sílẹ̀? Ìbéèrè gidi nìyí, kì í ṣe ti ẹni tí kò kàwé.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ àkọsílẹ̀. Mo rí ìdí tí ìgbìmọ̀ yẹn fi fẹ́ bọ́ lọ́wọ́ iye èèyàn. Ìjà kò tán lórí ètò ìkànìyàn 1963, wọ́n sì fagi lé ti 1973 pátápátá. Ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n fẹ́ fi rọ́pò ẹ̀, irú bí iye ọmọ tó ń lọ sílé ìwé àti iye bẹ́ẹ̀dì ọsibítù, ta ló ń kọ ọ́ sílẹ̀? Ìpínlẹ̀ tó fẹ́ gba owó náà ni. Lọ́jọ́ tí iye ọmọ ilé ìwé bá ti di owó, ọmọ ilé ìwé yóò pọ̀ lórí ìwé.

Ẹ wo àwọn tó ń dá àjọ nínú ọjà. Kò sí ẹni tó kọ́ wọn ní ìṣirò, síbẹ̀ àjọ wọn kì í dàrú, torí pé ìyálọ́jà tó kéré jù níbẹ̀ lè fi ẹnu ara ẹ̀ sọ ẹni tó kàn àti iye tó kàn án. Pín in dọ́gba-dọ́gba, gbogbo èèyàn lè yẹ̀ ẹ́ wò. Fómúlà Abóyadé kò ṣeé yẹ̀ wò láìsí ọ̀jọ̀gbọ́n nítòsí. Níbi tí ẹnì kan ò ti fọkàn tán ẹnì kejì, àléébù ńlá nìyẹn, inú ìmọ̀ ọrọ̀ ajé gan-an ló sì wà, kì í ṣe ẹ̀yìn òde ẹ̀. Ìgbà tí mo tó gba èyí gbọ́ ni mo tó mọ ìdí tí wọ́n fi ń so òṣèlú àti ọrọ̀ ajé pọ̀ mọ́ra nínú ẹ̀ka ìmọ̀ wa.

———

Ẹnì kan bi mí pé kí ló dé tí ọmọ Yorùbá yóò fi jókòó sórí àga alága, tí yóò wá jẹ́ kí wọ́n gbàgbé derivation, ìpín ibi tí owó ti wá, nígbà tó jẹ́ pé òun ló jẹ́ ká lè fi owó kòkó kọ́ Ìwọ̀ Oòrùn.

Òótọ́ ni pé ìjábọ̀ Chick ní 1953 fi derivation ṣíwájú gbogbo ohun yòókù, àti pé Ìwọ̀ Oòrùn jàǹfààní ẹ̀. Ọdún méjì lẹ́yìn ẹ̀ ni Awólọ́wọ̀ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ tọ ipasẹ̀ ẹ̀ wá sílẹ̀. Nígbà òmìnira, ìdajì owó ohun àlùmọ́nì ló ń padà sí agbègbè tí wọ́n ti wà á. Ní 1970, ó di 45. Ní 1971, wọ́n yọ epo inú òkun kúrò fún ìjọba àpapọ̀. Ní 1975, ó di 20. Láàárín ọdún 1980 sí 1989 ó já wálẹ̀ dé 1.5, ó gòkè sí 3 ní 1992, òfin 1999 ló gbé e dé 13, ó kéré tán. Kí ìgbìmọ̀ Abóyadé tó jókòó ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í gé e.

Nínú ìwé ọrọ̀ ajé, àlàyé tí wọ́n máa ń ṣe ni pé epo kò ti inú làálàá ìjọba ìpínlẹ̀ kankan wá, nítorí náà kò sí ìdí tí ibi tó wà fi gbọ́dọ̀ mú èyí tó pọ̀ jù. Àlàyé náà mọ́gbọ́n wá lórí pátákó. Ṣùgbọ́n odò tó bàjẹ́ ní Ògóni, ibi tí epo wà ló bàjẹ́ sí, kì í ṣe Abùjá. Owó tó yẹ kó tún odò ṣe kì í ṣe ìpín àríṣe, gbèsè ni. Èmi ò gbà pé a lè fi ọ̀rọ̀ méjèèjì sínú nọ́ńbà kan ṣoṣo, yálà 50 ni o tàbí 13, ká sì ní a ti yanjú ẹ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ kí 50 padà wá, ẹ sọ fún wa èwo nínú méjèèjì lẹ̀ ń bèèrè owó ẹ̀.

———

Arákùnrin tó ní gbogbo alága ìjọba ìbílẹ̀ ló ń kó owó jẹ, pé kò sí ohun tí a fẹ́ ṣèwádìí ẹ̀ mọ́: ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ojú mi rí.

Mo ti jókòó nínú ọ́fíìsì olùtọ́jú owó ìjọba ìbílẹ̀ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Ìwé àkọ́kọ́ tí wọ́n máa gbé fún ọ ni ìwé ètò ìnáwó, aláràbarà, tí wọ́n dì dáadáa. Ohun tí wọ́n gbèrò láti ná nìyẹn. Bèèrè ohun tí wọ́n ná gan-an, ìjókòó á yí padà. Wọ́n á ní kó o lọ gba lẹ́tà lọ́dọ̀ alága. Alága á ní kó o lọ sí ọ́fíìsì àwọn ìjọba ìbílẹ̀ ní olú ìlú ìpínlẹ̀. Níbẹ̀, wọ́n á ní ọ̀dọ̀ oníṣirò àgbà tó ń yẹ ìwé wò ló wà. Nígbà tí mo wá rí ìwé náà níkẹyìn, kì í ṣe olè ni ohun àkọ́kọ́ tó hàn síni níbẹ̀.

Iye tí wọ́n kéde l'Ábùjá kì í ṣe iye tó dé ìjọba ìbílẹ̀. Inú àpò àjùmọ̀ni tó wà lọ́wọ́ ìpínlẹ̀ ló ń gbà kọjá, abala 162 ló ṣètò ẹ̀ bẹ́ẹ̀. Níbẹ̀ ni wọ́n ti ń yọ owó oṣù olùkọ́ ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, owó ìfẹ̀yìntì, 5 nínú ọgọ́rùn-ún tí ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ ń yọ fún àwọn ọba, àti 1 nínú ọgọ́rùn-ún fún ìdánilẹ́kọ̀ọ́ òṣìṣẹ́. Ohun tó bá ṣẹ́ kù ni wọ́n fi ń ṣí kọ̀tá. Ẹni tó bá kàn ka iye tó wà nínú ìwé ìròyìn, tó pín in sí iye títì tí wọ́n tún ṣe, yóò pe alága lólè. Ó lè jẹ́ olè lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ìṣirò yẹn kò lè fi hàn bẹ́ẹ̀.

Ìdí nìyí tí mi ò fi bá yín jó nígbà tí ilé ẹjọ́ gíga jù lọ dájọ́ ní July 11, 2024 pé kí owó ìjọba ìbílẹ̀ lọ sọ́dọ̀ wọn tààrà. Inú mi dùn sí i. Ṣùgbọ́n ta ni yóò san owó olùkọ́? Bí wọn ò bá dáhùn ìyẹn kí owó tó gbéra, àwọn ìyá àti bàbá tó ń kọ́ ọmọ wa ní ABD ni yóò kọ́kọ́ jìyà ẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ibi tí a ti nílò olùwádìí gan-an nìyí, a ò sì tíì ní wọn tó.

———

"Ṣebí abẹ́ ológun ni gbogbo wọn ti ṣiṣẹ́?"

Bẹ́ẹ̀ ni. Abóyadé wà lára àwọn tó kọ Ètò Ìdàgbàsókè Kejì, 1970 sí 1974, lábẹ́ Gowon. Ọ̀jọ̀gbọ́n Adébáyọ̀ Adédèjì, ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde, kúrò ní Ifẹ̀ lọ ṣe kọmíṣọ́nà ìjọba àpapọ̀ láti 1971 sí 1975. Ọ̀jọ̀gbọ́n Sam Àlùkò ṣe alága ìgbìmọ̀ lórí ọ̀rọ̀ ajé lábẹ́ Abacha. Ìkẹta yìí ṣì ń dá àríyànjiyàn sílẹ̀ láàárín àwa tí a bọ̀wọ̀ fún ìmọ̀ wọn, n ò sì ní díbọ́n pé kò rí bẹ́ẹ̀.

Èrò tèmi ni pé ẹni tó ń kọ́ nípa owó ìjọba gbọ́dọ̀ sún mọ́ ibi tí wọ́n ti ń ná an, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ohun tó ka nínú ìwé àwọn òyìnbó ni yóò máa tún sọ. Ohun tó yẹ ká bi olúkúlùkù wọn ni ohun tó kọ nígbà tó kúrò níbẹ̀. Adédèjì lọ sí àjọ ọrọ̀ ajé Áfíríkà ti Ìparapọ̀ Orílẹ̀-Èdè, ó darí ẹ̀ láti 1975 di 1991. Nígbà tí Báńkì Àgbáyé àti IMF, àjọ tó ń yá ìjọba lówó, ń ti SAP, ìyẹn ètò àtúntò ọrọ̀ ajé, mọ́ ilẹ̀ Áfíríkà lọ́rùn, àjọ rẹ̀ gbé ètò mìíràn jáde ní 1989, wọ́n fi han gbogbo ayé pé ọ̀nà yẹn nìkan kọ́ ló wà. Ẹni tí kò bá tíì jókòó nídìí owó ìjọba kò lè kọ irú ètò bẹ́ẹ̀ kí wọ́n sì ka ọ̀rọ̀ ẹ̀ sí.

———

Àwọn kan ní kí n fi ọ̀rọ̀ àtijọ́ sílẹ̀. Ó dáa, ẹ jẹ́ ká wá sí ti VAT, owó orí tí wọ́n ń gbà lórí ọjà.

Lóṣù August 2021, ilé ẹjọ́ kan ní Port Harcourt dá Rivers láre pé òun ló lẹ́tọ̀ọ́ láti gba VAT ní ìpínlẹ̀ ẹ̀. Èkó ṣe òfin tiẹ̀ lóṣù tó tẹ̀ lé e. Ní 2024, ìjọba Tinúbú gbé àbá tuntun lọ sílé aṣòfin pé kí 60 nínú ọgọ́rùn-ún owó tí àwọn ìpínlẹ̀ ń pín máa tẹ̀ lé ibi tí wọ́n ti ra ọjà. Àwọn gómìnà Àríwá ní láéláé. Ní January 2025, gbogbo gómìnà fẹnu kò: 50 dọ́gba-dọ́gba, 30 fún ibi tí wọ́n ti ra ọjà, 20 fún iye èèyàn. Ààrẹ fọwọ́ sí àwọn òfin owó orí náà ní June 26, 2025. Ìjọba àpapọ̀ fi 5 sílẹ̀ nínú 15 tó ń mú, ó ku 10. Ìpínlẹ̀ ń mú 55, ìjọba ìbílẹ̀ 35.

Ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ níbẹ̀. Ìdajì dọ́gba-dọ́gba! Ohun tó wà nílẹ̀ ní 1970, tí ìgbìmọ̀ Abóyadé ní kí wọ́n pa tì, òun náà ni gbogbo wọn tún sá bá, torí pé kò sí ẹni tó lè fi òun nìkan yan ẹlòmíràn jẹ níbẹ̀.

Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ nínú yín láti Èkó àti Ògùn ń bínú pé 30 ti kéré jù. Mo fẹ́ kí ẹ kọ́kọ́ dáhùn èyí ná: báwo la ṣe ń mọ ibi tí wọ́n ti ra ọjà? Tẹ́lẹ̀, ibi tí ilé iṣẹ́ ti ń san VAT ni wọ́n máa ń kọ ọ́ sí. Ìyá kan ra káàdì fóònù ní Ṣakí, olú ilé iṣẹ́ wà l'Ékòó, Èkó ló ń gba máàkì. Sìmẹ́ǹtì tí wọ́n fi kọ́lé ní Ìkàrẹ́, bákan náà. Òfin tuntun ní kí ó jẹ́ ibi tí wọ́n ti lò ó gan-an. Ó tọ́, mo fara mọ́ ọn. Àmọ́ ilé iṣẹ́ ni yóò máa kọ iye tó tà sí ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan, ta ni yóò yẹ ìwé náà wò? Bí Ọ̀yọ́ bá ní wọ́n rẹ́ òun jẹ, ìwé wo ni yóò gbé jáde? Ìjà àkọsílẹ̀ tó pa fómúlà 1977 náà ló ń bọ̀ lọ́nà yìí, ó kàn ti kúrò lọ́dọ̀ ìpínlẹ̀ lọ sọ́dọ̀ ilé iṣẹ́ ni.

———

Ìwọ tó o béèrè, mi ò gbàgbé rẹ.

Owó iṣẹ́ yìí kò tó ti kọ̀ǹpútà, ẹ̀gbọ́n rẹ kò parọ́ níbẹ̀ rárá. Bí bùkátà ẹbí bá wà lọ́rùn rẹ, ìyẹn gbọ́dọ̀ wọ inú ìpinnu rẹ. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ pé ẹ̀rù pé wọ́n á kọ iṣẹ́ rẹ ni kò jẹ́ kó o bẹ̀rẹ̀, bẹ̀rẹ̀. Kọ́ ìṣirò kọ̀ǹpútà mọ́ ọn, kò dí i lọ́wọ́. Má lọ kọ tíṣísì tó dá lórí gbogbo Nàìjíríà láti 1960 di òní, ọ̀pọ̀ ti kọ ọ́, ibi kan náà ni gbogbo wọn ti ń wa nọ́ńbà. Mú ìjọba ìbílẹ̀ mélòó kan tí wọ́n jọ múlé gbera, kó o tọpa owó wọn láti Abùjá wọ inú àpò àjùmọ̀ni, títí dé kọ̀tá àti ilé ìwé. Láti nǹkan bí ọdún 2004 ni wọ́n ti ń gbé iye tó ń jáde l'Ábùjá síta lóṣooṣù, ìyẹn kò ṣòro. Láti olú ìlú ìpínlẹ̀ sílẹ̀ ni iṣẹ́ wà.

Tún kà nípa ohun tí Abóyadé àti Ọ̀jọ̀gbọ́n Akin Mábògùnjẹ́ jọ ṣe ní Awẹ́, níbi tí wọ́n ti fẹ́ mọ ohun tí ìlú kan lè fi ọwọ́ ara ẹ̀ ṣe bí wọ́n bá kó ara wọn jọ. Ẹni tó kọ fómúlà fún gbogbo orílẹ̀-èdè ló tún padà lọ bá àwọn ará ìlú ẹ̀ ṣèpàdé. Àwọn tó ń sọ̀rọ̀ nípa 1978 kì í dárúkọ ẹ̀.

Kọ orúkọ ìpínlẹ̀ tó o wà síbí. Bó bá jẹ́ Ọ̀yọ́, Ọ̀ṣun tàbí Èkìtì, mo lè sọ ọ́fíìsì tí wàá kọ́kọ́ lọ àti bí wàá ṣe kọ lẹ́tà náà fún ọ. Òfin 2011 lórí ẹ̀tọ́ láti gba ìsọfúnni ni kó o tọ́ka sí nínú ẹ̀, kó o sì jẹ́ kí wọ́n fi òǹtẹ̀ lu ẹ̀dà tó máa wà lọ́wọ́ rẹ.